Ọ̀pá, Fóònù àti Olùkọ́: Bí A Ṣe Lè Ran Afọ́jú Lọ́wọ́ Láti Dá Rìn

Ọ̀rọ̀ wa lónìí dá lórí àwọn ohun èlò tí afọ́jú fi ń mọ ọ̀nà, àti bí a ṣe ń wá owó wọn. Bí ìdílé kan bá ń tọrọ ìrànlọ́wọ́ fún ẹni wọn tí kò ríran, owó ohun èlò nìkan ni wọ́n sábà máa ń béèrè. Èyí kò tó, ẹ jẹ́ kí a wo ìdí rẹ̀.

Ohun èlò méjì ni ó ṣe pàtàkì. Èkínní ni ọ̀pá funfun gígùn. Ní ọdún 1944, ní ilé-ìwòsàn ológun Valley Forge ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, Richard Hoover bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn ọmọ-ogun Amẹ́ríkà tí ojú wọn fọ́ ní ọ̀nà tuntun láti lo ọ̀pá. Ọ̀pá náà gùn dé igbá àyà. Bí ẹsẹ̀ òsì bá ń lọ síwájú, ẹnu ọ̀pá a kan ilẹ̀ ní ọ̀tún, níbi tí ẹsẹ̀ ọ̀tún yóò tẹ̀ lẹ́yìn náà. Nípa bẹ́ẹ̀, ọ̀pá a ti mọ kòtò kí ẹsẹ̀ tó dé ibẹ̀.

Èkejì ni fóònù tí ń sọ̀rọ̀. Àmì láti ọ̀dọ̀ àwọn sátẹ́láìtì ni ó fi ń mọ ibi tí ènìyàn wà, tí ó sì ń wí fún un pé kí ó yà sí ọ̀tún tàbí sí òsì. Títí di oṣù karùn-ún ọdún 2000, ìjọba Amẹ́ríkà mọ̀ọ́mọ̀ mú kí àmì náà má péye fún ará ìlú. Ó lè fi bí ọgọ́rùn-ún mítà ṣìnà. Lónìí, ó kù bí mítà márùn-ún níbi tí ojú ọ̀run bá ti ṣí sílẹ̀. Síbẹ̀, mítà márùn-ún ju àlàfo tí ó wà láàárín títì àti gọ́tà lọ. Fóònù lè sọ pé a ti dé ilé-ìwòsàn, ṣùgbọ́n kò lè sọ pé gọ́tà tí kò ní ìdérí wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Méjèèjì ni a ní láti kọ́. Ní ọdún 1948, ìjọba Amẹ́ríkà ṣí ibùdó kan sí ilé-ìwòsàn Hines, nítòsí Chicago, láti kọ́ àwọn ajagunfẹ̀yìntì tí kò ríran. Ní ọdún 1954, Fádà Thomas Carroll, àlùfáà Kátólíìkì ti Boston, ṣí ti ará ìlú sí Newton. Ní ọdún 1960, Boston College bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn tí yóò máa kọ́ afọ́jú ní ìrìn, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ owó ìjọba. Ẹ kíyè sí i pé olùkọ́ ni wọ́n náwó lé lórí, nítorí pé ọ̀pá kò ṣòroó rà.

Ní ilẹ̀ wa, Ilé-ẹ̀kọ́ Pacelli ní Súrùlérè, tí Ìjọ Kátólíìkì dá sílẹ̀ ní ọdún 1962, ń kọ́ àwọn ọmọ tí kò ríran. Òfin tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019 sì ka fífi ẹ̀tọ́ aláàbọ̀ ara dù ú léèwọ̀.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń kọ̀wé sí ẹgbẹ́ St. Vincent de Paul, sí ìjọba ìbílẹ̀ tàbí sí olówó kan, kí ó kọ nǹkan mẹ́rin sínú rẹ̀. Kí ó kọ ọ̀nà tí afọ́jú náà fúnra rẹ̀ fẹ́ máa dá rìn, ìbáà ṣe sí ọjà tàbí sí ibi iṣẹ́. Kí ó kọ owó olùkọ́ àti owó ọkọ̀ rẹ̀, àti iye ọjọ́ ẹ̀kọ́. Kí ó kọ owó ọ̀pá, fóònù àti dátà. Ohùn tí ń ka ọ̀rọ̀ ti wà nínú ọ̀pọ̀ fóònù òde òní lọ́fẹ̀ẹ́, kò sí ìdí láti wá èyí tí ó wọ́n. Kí ó sì kọ ìgbà tí olùkọ́ yóò padà wá, nítorí pé ètò inú fóònù a máa kásẹ̀ nílẹ̀: Microsoft gbé Soundscape jáde ní ọdún 2018, wọ́n sì dá a dúró ní ọdún 2023.

Bí owó kò bá tó gbogbo rẹ̀, ẹ fi fóònù sílẹ̀ ná. Ẹ ra ọ̀pá, kí ẹ sì san owó olùkọ́.