Lámèyítọ́ Àwòrán: Ọ̀rọ̀ Tí Ó Yẹ Kí A Bá Ayàwòrán Sọ

Kókó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wa yìí ni ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí a sọ nígbà tí ẹni tí ó ya fọ́tò, tí kì í sì í fi í ṣe iṣẹ́ òòjọ́, bá gbé e síwájú wa tí ó ní kí a wò ó. Ọ̀rọ̀ náà dà bí ohun kékeré. Kò kéré. Ẹni tí ó ń fi fọ́tò yíyà jẹun ti kọ́ ọ lọ́dọ̀ ọ̀gá. Ọ̀gá rẹ̀ ti dá iṣẹ́ padà fún un láìmọye ìgbà kí ó tó gba òmìnira. Ẹni tí ó ń yà á fún ìfẹ́ ọkàn rẹ̀ kò ní ọ̀gá. Ojú ara rẹ̀ àti ẹnu àwọn ojúlùmọ̀ rẹ̀ nìkan ni ó ní, àwọn àgbà sì ti sọ pé ẹni tí ó ń la ọ̀nà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́.

Ìdáhùn tí ó wọ́pọ̀ jù lẹ́nu wa ni ‘Ó dára’. Ọ̀wọ̀ ni, ó sì yẹ ọmọlúàbí, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ayàwòrán lè fi í ṣe. Bí ó bá jẹ́ àgbà ni ó ya àwòrán, ọmọdé kò ní í fẹ́ sọ pé ó ṣókùnkùn. A kì í fojú oníka mẹ́sàn-án kà á, òótọ́ ni; ṣùgbọ́n ìka tí ó ti gé kì í hù mọ́, àwòrán tí kò dára lónìí sì ṣeé tún yà lọ́la. Ó ṣeé tún yà, ìyẹn bí ẹni tí a yà bá ṣì wà láàyè. Ní ọ̀pọ̀ ilé lónìí, àwòrán tí ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ fi fóònù yà ni a ń wá kiri nígbà tí ìyá àgbà bá kú, tí a fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ètò ìsìnkú. Bí ojú ìyá bá ṣókùnkùn nínú gbogbo wọn, tí ẹnikẹ́ni kò sì sọ ọ́ fún ẹni tí ń yà á, kò sí àtúnṣe mọ́.

Àwọn kan rò pé a kò ní èdè tí a lè fi ṣe lámèyítọ́ àwòrán àfi ti òyìnbó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1973, Robert Farris Thompson, ọmọ Amẹ́ríkà, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde lórí bí àwọn Yorùbá ṣe ń ṣe ìdájọ́ iṣẹ́ ọnà. Ó ti bá àwọn ará ìlú sọ̀rọ̀ lórí ère gbígbẹ́, ó sì rí i pé ọ̀rọ̀ wọn kò mọ sí ‘ó wù mí’. Wọ́n mẹ́nu ba jíjọra, pé kí ère jọ ènìyàn, kí ó má sì jọ ọ́ jù; wọ́n mẹ́nu ba ìfarahàn, pé kí ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan hàn gbangba; wọ́n mẹ́nu ba dídán àti gígún pẹ̀lú. Ní ọdún 1978, Stephen Sprague, tí òun náà wá láti Amẹ́ríkà, kọ̀wé lórí àwọn ayafọ́tò Yorùbá, pàápàá àwọn ti Ìlá Ọ̀ràngún, ó sì fi hàn pé ojú kan náà ni wọ́n fi ń wo fọ́tò: ẹni tí a ń yà jókòó, ó kọjú sí kámẹ́rà, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan, ó ya ẹsẹ̀ kí aṣọ lè tẹ́ rẹrẹ. Ẹ kíyè sí ìwúlò irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí mo bá sọ fún ayàwòrán pé iṣẹ́ rẹ̀ kò dára, òun fúnra rẹ̀ ni mo bá wí. Bí mo bá ní ‘ojú kò hàn’, orí àwòrán ni ojú àwa méjèèjì yóò padà sí.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ojú tí kò hàn yìí, nítorí òun ni àléébù tí mo máa ń rí jù. Ìyàwó wọ aṣọ funfun, ó dúró níwájú ògiri funfun. Aṣọ àti ògiri hàn ketekete, ojú rẹ̀ dà bí òjìji. Ayàwòrán a máa rò pé àwọ̀ ìyàwó ni ó fà á. Rárá o. Ohun tí ń wọn ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà kò mọ ènìyàn yàtọ̀ sí ògiri; bí a bá fi í sílẹ̀ fún ara rẹ̀, a pa gbogbo ohun tí ó wà níwájú rẹ̀ pọ̀, a sì fẹ́ sọ àpapọ̀ wọn di àwọ̀ eérú, tí kò funfun, tí kò dúdú. Bí funfun bá ti pọ̀ jù, a dín ìmọ́lẹ̀ kù, ojú dúdú ni yóò sì san gbèsè náà. Nítorí náà, lámèyítọ́ tí ó ní láárí ni èyí tí ó wí pé: ‘Ẹ mú un kúrò níwájú ògiri yẹn, ẹ jẹ́ kí ó dúró lábẹ́ ìbòòji kí ó kọjú sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá, kí ẹ sì fi ojú rẹ̀ wọn ìmọ́lẹ̀.’ Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, kí a fi ìka kan ojú ẹni náà lórí dígí rẹ̀ ti tó.

Síbẹ̀, ìfarahàn kì í ṣe pàṣán. J. D. ’Okhai Ojeikere (1930–2014) bẹ̀rẹ̀ sí ya irun orí àwọn obìnrin Nàìjíríà ní ọdún 1968. Nínú ọ̀pọ̀ àwọn àwòrán náà, ẹ̀yìn orí ni a rí. Ẹni tí ó bá ní ‘ojú obìnrin yìí kò hàn’ kò tíì wo àwòrán. Irun ni ayàwòrán fẹ́ kí ó hàn, ó sì hàn débi pé a lè ka ìlà rẹ̀. Nítorí èyí, ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ rí, kí ẹ tó bi ayàwòrán ní ohun tí ó fẹ́ kí ẹ rí. Àlàfo tí ó wà láàárín méjèèjì ni iṣẹ́ lámèyítọ́.

Ti ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ ni ó ṣòro jù, nítorí ó mọ ohun tí àwòrán kò lè sọ: pé òjò ti ṣú, pé ọmọ ń sunkún, pé òun gun òkè kí òun tó rí ibi dúró. Bí ó bá sọ gbogbo èyí ṣáájú, ìtàn rẹ̀ ni a ó gbọ́, a kò ní í wo àwòrán mọ́. Minor White, ayàwòrán ọmọ Amẹ́ríkà tí ó kú ní ọdún 1976, a máa ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jókòó jẹ́ẹ́ ti àwòrán kan kí ẹnikẹ́ni tó lanu. Nínú ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn a sábà gbé àwòrán síwájú onídàájọ́ láìdárúkọ ẹni tí ó yà á. Ọgbọ́n wà nínú èyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé máàkì tí wọ́n ń fún un kò wù mí. Máàkì 15 kò sọ ohun tí a ó ṣe lọ́la.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ni ayàwòrán gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé. Bí ẹnì kan bá ní kí ó gé igi apá ọ̀tún kúrò, tí ẹlòmíràn sì ní igi náà ni ẹwà ibẹ̀, kí ó ṣe bí ó ti tọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹni mẹ́ta tí kò gbọ́ ti ara wọn bá ń bèèrè ta ni ó dúró lẹ́yìn ìyá àgbà, ẹni náà ti gba àwòrán lọ́wọ́ ìyá. Kí ó padà lọ bá ìyá, kí ó tún un yà, kí ó sì gbé ti àkọ́kọ́ àti ti ẹ̀ẹ̀kejì síwájú àwọn mẹ́ta náà pọ̀.