Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Kí ẹ tó ra ẹṣin ní Ìkirè tàbí Apòmù

Kí ogun Òwu tó bẹ́ ní nǹkan bí 200 ọdún sẹ́yìn, ọjà Apòmù ni Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé. Ní ti ẹṣin, Òkè Ọya ni wọ́n ti ń rà á wá fún Ọ̀yọ́ nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹṣin kì í sábà pẹ́ nínú igbó tiwa, nítorí eṣinṣin tsetse tó ń kó àìsàn sí i lẹ́jẹ̀. Ìdí rèé tí ẹṣin fi wọ́n, tó sì di ohun ọlá. Ẹ wo Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, bí àwọn ìdílé Balógun ṣe ń gun ẹṣin jáde. Ó wù mí púpọ̀!

Lókè òkun, wọ́n ní ìdíje ẹṣin kan tí ẹnikẹ́ni kì í ti í gun ẹṣin. Okùn orí ni wọ́n fi ń fà á síwájú adájọ́, tí yóò wo bí ara rẹ̀ ṣe dọ́gba sí. Ojú adájọ́ yẹn ni kí ẹ fi wo èyí tí ẹ fẹ́ rà. Ẹ ya ẹnu rẹ̀: ẹṣin tó ti pé ọdún 5 ti pààrọ̀ gbogbo eyín iwájú. Ẹrìgì tó funfun lè jẹ́ àmì àìtó ẹ̀jẹ̀. Ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wò ó bóyá pátákò sán tàbí ó ń rùn. Kí wọ́n fà á rìn lórí ilẹ̀ líle; bó bá ń gbé orí sókè nígbàkígbà tó bá tẹ ẹsẹ̀ iwájú kan, ẹsẹ̀ yẹn ń dùn ún.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sanwó títí dókítà ẹranko yóò fi yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.