Ìwọ̀n Tó Ń Fi Mólékù Hàn

Ní ọdún 1982, Árpád Furka, onímọ̀ kẹ́místrì ọmọ ilẹ̀ Hungary, kọ ọ̀nà kan sílẹ̀ tí ènìyàn lè gbà ṣe ẹgbẹẹgbẹ̀rún mólékù tuntun pa pọ̀, dípò kí ó máa ṣe wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Orí hóró ike kéékèèké ni iṣẹ́ náà ti ń wáyé: wọn yóò pín àwọn hóró náà sí ọ̀nà púpọ̀, wọn yóò so èròjà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ mọ́ ìpín kọ̀ọ̀kan, wọn yóò dà wọ́n pọ̀, wọn yóò sì tún wọn pín. Bí ó bá jẹ́ ogún amino acid ni wọ́n lò, tí wọ́n sì so wọ́n ní ìpele mẹ́ta, oríṣi mólékù 8,000 ni yóò jáde. Ní ìpele márùn-ún, ó di 3,200,000. Inú irú àkójọ bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń wá oògùn tuntun ti ń ṣa èyí tó lè wúlò, ṣùgbọ́n asán ni gbogbo rẹ̀ bí wọn kò bá mọ̀ dájú pé ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe gan-an ló jáde.

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní mass spectrometer ló ń bá wọn yanjú èyí. Ó máa ń fi agbára iná sára mólékù, kí ó tó wọn bí ó ti wúwo sí. Oríṣi rẹ̀ kan tó péye gidigidi ni FT-ICR, èyí tí Melvin Comisarow àti Alan Marshall gbé jáde ní Kánádà ní ọdún 1974. Òòfà alágbára inú rẹ̀ ń mú kí mólékù tó gba agbára iná máa pòòyì. Bí agbára iná ara wọn bá dọ́gba, èyí tó fúyẹ́ a máa yára ju èyí tó wúwo lọ, láti inú ìyára náà ni kọ̀ǹpútà sì ti ń ṣírò ìwọ̀n.

Ẹ̀yìn àmì désímà ni agbára ẹ̀rọ yìí wà. Lójú ẹ̀rọ tí kò fi bẹ́ẹ̀ péye, lysine àti glutamine inú ẹ̀wọ̀n amino acid ò yàtọ̀, nítorí 128 ni méjèèjì, ṣùgbọ́n 128.09496 ni ti àkọ́kọ́, 128.05858 sì ni ti èkejì, ìyàtọ̀ kékeré yìí sì tó fún FT-ICR láti yà wọ́n sọ́tọ̀.

Síbẹ̀, ìwọ̀n nìkan kò lè sọ ohun gbogbo, ó sì yẹ kí èyí yé àwọn tó ń gbóríyìn fún ẹ̀rọ náà. Amino acid mẹ́ta tó yàtọ̀ síra ṣeé tò ní ọ̀nà mẹ́fà, ìwọ̀n kan náà ni mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yóò sì ní. Leucine àti isoleucine pàápàá kò yàtọ̀ rárá nínú ìwọ̀n. Nítorí náà, mólékù 8,000 yẹn kò lè ní ju ìwọ̀n 1,330 lọ, bó ti wù kí ẹ̀rọ péye tó. Èyí ló ń mú kí àwọn onímọ̀ fọ́ mólékù sí èérún kí wọ́n lè mọ bí a ṣe tò ó, tí àwọn mìíràn sì ń fara balẹ̀ ṣa èròjà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ìwọ̀n mólékù méjì má baà pa pọ̀.