Kí Ló Dé Tí Wọ́n Fi Ń Bèèrè Kílò Wa Nídìí Ẹ̀rọ MRI?

Ìtọ́jú ara kò kéré nínú ohun tí à ń tìtorí rẹ̀ yá owó nínú ẹgbẹ́, àwọn kan nínú wa sì ti ná irú owó bẹ́ẹ̀ sórí àwòrán MRI. Ìbéèrè tí ènìyàn lè mú bọ̀ ni pé: ẹ̀yìn ló ń dùn mí, èwo ni ti kílò tí wọ́n ní kí n sọ?

Nínú ẹ̀rọ náà, òòfà ńlá kan wà. Èyí tó wọ́pọ̀ jẹ́ tẹ́sílà 1.5 tàbí 3. Kọ́ìlì kan tún wà tí wọ́n kọ́ mọ́ ògiri ihò tí wọ́n ń ti ènìyàn wọ̀. Ẹ kò lè rí i nítorí wọ́n ti fi ike bò ó. Ẹ rò ó bí àgò ẹyẹ: òrùka bàbà kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀pá bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ sì so méjèèjì pọ̀ yí aláìsàn ká. Hayes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ló kọ nípa rẹ̀ ní 1985, kí agbára ìgbì lè dọ́gba káàkiri ara.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ilé-iṣẹ́ rédíò. Omi àti ọ̀rá kún ara wa, háídírójìn sì wà nínú méjèèjì. Bí òòfà bá ti mú un tò, kọ́ìlì a ju ìgbì rédíò lù ú, èyí tí ń mì nígbà mílíọ̀nù 64 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan nínú òòfà 1.5. Bí kọ́ìlì bá dákẹ́, háídírójìn a fèsì, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kéré púpọ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń gbé kọ́ìlì mìíràn sún mọ́ ibi tó ń dunni, kó lè gbọ́ ọ nítòsí.

Ibi tí kílò ti wọ̀ ọ́ nìyí. Apá kan nínú ìgbì náà ń di ooru nínú ara. Òdiwọ̀n tó wà fún gbogbo ara ni wáàtì 2 fún kílò kan. Bí oníṣègùn bá ń ṣọ́ni, ó lè dé 4. Ẹni tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ kílò 60 lè gba wáàtì 120, ooru gílóòbù oníwáàtì 60 méjì. Bí ó bá ní kílò 90 lòun, ẹ̀rọ á gbà á gbọ́, ó sì lè lọ dé 180, gílóòbù mẹ́ta. Ẹ má méfò, ẹ gun ìwọ̀n kí ẹ tó lọ. (Ẹni tó bá dín tirẹ̀ kù nítorí ìtìjú, iṣẹ́ rẹ̀ lè pẹ́ ni.)

Ariwo gbàgbàgbà tí ń dẹ́rù bani níbẹ̀ kì í ṣe ti kọ́ìlì yìí. Kọ́ìlì mìíràn tí ń yí agbára òòfà padà ló ni ín. Èyí tó lè jó ara kì í pariwo. Bí ènìyàn bá di ọwọ́ méjèèjì mú, tàbí tí awọ itan kanra láìsí aṣọ láàrin, iná lè yípo gba ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí apá bá fara ti ògiri ihò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi tìmùtìmù sí i. Òrùka, irun oníwáyà, ońdè tó ní irin nínú, ẹ bọ́ wọn sílé, ẹ má tijú. Ẹni tí wọ́n bá ti fi irin tàbí ẹ̀rọ ọkàn sí lára, kó sọ ọ́ kó tó wọ yàrá.

Bí ibì kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, ẹ tẹ rọ́bà tí wọ́n fi lé yín lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fara dà á nítorí owó tí ẹ san.