Ọ̀gá àti Ọmọṣẹ́: Ohun tí Ó Yẹ kí Á Sọ kí Iṣẹ́ Tó Bẹ̀rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá sí ojú ìwé ìdílé lónìí kan ọ̀pọ̀ ilé láàárín wa. Ẹni tí kò ní ìsọ̀ ní ọmọ tí ó ń kọ́ṣẹ́. Ẹni tí kò ní ọmọ lẹ́nu iṣẹ́ ní àbúrò tí ó ń bá oníṣòwò tajà. Lẹ́bàá ọ̀nà ńlá tí ó ti Savalou wá, tí ó gba Manigri àti Bassila lọ sí Djougou, aránṣọ ń bẹ, káfíńtà ń bẹ, mẹkáníìkì ń bẹ, onídìrí náà ń bẹ. Púpọ̀ nínú àwọn ìsọ̀ wọ̀nyí kò ní ju ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ. Ìsọ̀ kékeré ni, ṣùgbọ́n ìjà inú rẹ̀ kì í kéré.

Kí ni ó ń fa ìjà náà? Lójú tiwa, kì í ṣe owó ni ó kọ́kọ́ ń fà á, bí kò ṣe ohun tí a kò sọ ní ọjọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá gba ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí ìsọ̀, ó ní, “Ọmọ ilé ni.” Kò dárúkọ owó, kò dárúkọ ọdún. Ọmọ ń ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, ó ń tì í lálẹ́, ó ń pọnmi sílé ọ̀gá, ó sì ń bá a roko. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ọ̀gá rò pé òun ti tọ́ ọmọ náà dàgbà. Ọmọ rò pé wọ́n ti lo òun lásán. Kò sí àdéhùn kankan tí a lè gbé síwájú àgbà. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò kò wá bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́.

OHUN TÍ ÌJỌ FI KỌ́ WA

Ní ọdún 1891, Póòpù Leo Kẹtàlá kọ ìwé Rerum Novarum lórí ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́. Ó kọ́ wa pé bí ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ tilẹ̀ fẹnu kò sí iye kan, ìyẹn nìkan kò sọ owó náà di owó òdodo. Ó gbọ́dọ̀ tó òṣìṣẹ́ jẹun, nítorí ebi lè mú ènìyàn gba ohunkóhun. Ní ọdún 1981, Póòpù John Paul Kejì kọ Laborem Exercens, ó sì fi hàn pé ènìyàn tí ń ṣiṣẹ́ níyì ju ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe jáde lọ. Ṣáájú wọn, nínú Ìwé Tobit, bàbá ti kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ jẹ́ kí owó alágbàṣe sun ọwọ́ rẹ̀ mọ́jú.

OHUN TÍ ÒFIN SỌ

Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Benin ti ọdún 1998 kò gbà kí á fi ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 sẹ́nu iṣẹ́. Ó fẹ́ kí àdéhùn ìkọ́ṣẹ́ wà ní kíkọ. Ó sì ní kí òṣìṣẹ́ sinmi wákàtí 24 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó kéré tán. Láti oṣù kìíní ọdún 2023, owó oṣù tí ó kéré jù ni 52.000 fráǹkì, 40.000 ni tẹ́lẹ̀.

Àwọn ọ̀gá yóò bi wá pé, “Níbo ni a ó ti rí i?” Ìbéèrè gidi ni. Bí iṣẹ́ kò bá tó òṣìṣẹ́ kan jẹ fún odindi oṣù, ẹ pè é ní ọjọ́ tí iṣẹ́ bá wà, kí ẹ sì san owó ọjọ́ náà fún un ní ọjọ́ náà. Ẹ má dá a dúró láti Ọjọ́ Ajé dé Àbámẹ́ta lórí ìlérí. Ẹ má sì gbàgbé pé ẹni tí ó ti gba òmìnira tí ó ṣì dúró tì yín kì í ṣe ọmọṣẹ́ mọ́. Òṣìṣẹ́ ni.

OHUN MÁRÙN-ÚN TÍ Ó YẸ KÍ Á ṢE

Èkíní: Kí àdéhùn wáyé lójú òbí, ní èdè tí òbí gbọ́. Ní àdúgbò wa, ọ̀gá lè jẹ́ Nàgó, kí bàbá ọmọ máa sọ Anii tàbí Kotokoli, kí ìwé sì wà ní Faransé. Ẹ wá ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀. Ẹ sọ iye ọdún, owó ìkọ́ṣẹ́, ẹni tí yóò bọ́ ọmọ, ẹni tí yóò ra irinṣẹ́, ẹni tí yóò sanwó bí ọmọ bá ṣàìsàn. Kí ìwé jẹ́ méjì, kí òbí mú ọ̀kan lọ.

Èkejì: Kí owó ìsọ̀ yàtọ̀ sí owó ọbẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ bá yá 5.000 fráǹkì láàárín oṣù, ẹ kọ ọ́ lójú rẹ̀, kí ó sì tẹ ìka. Ọ̀pọ̀ ẹni tí a pè ní olè, ìṣirò ni kò sí.

Ẹ̀kẹta: Ẹ ti sọ ọ̀rọ̀ àkókò ṣáájú. Bí ìgbà kajú bá dé, òbí yóò fẹ́ kí ọmọ wá sóko. Ọjọ́ mélòó ni ọ̀gá yóò yọ̀ǹda? Bí ọmọṣẹ́ bá jẹ́ Mùsùlùmí, kí ó ráyè kírun Jímọ̀, bí àwa náà ti ń fẹ́ ráyè lọ sí Mísà ní Ọjọ́ Ìsinmi.

Ẹ̀kẹrin: Kí ìbáwí ní ọ̀nà. Olúwa wa ti fi í hàn nínú Ìhìnrere Mátíù, orí 18: bá a sọ ọ́ ní ìwọ àti òun nìkan, bí kò bá gbọ́, mú ẹni kan tàbí méjì lọ, lẹ́yìn náà ni kí ó tó dé etí ìjọ. Ẹ má bú ọmọṣẹ́ lójú oníbàárà. Bí owó bá sọnù, ẹ ka ìwé ìṣirò kí ẹ tó ká ẹnikẹ́ni mọ́lé. Ọwọ́ òsì ni a fi ń bá ọmọ wí, ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra.

Ẹ̀karùn-ún: Kí ọjọ́ òmìnira má di ẹrú tuntun. Bí ọmọ bá ti mọṣẹ́, tí ọdún rẹ̀ sì pé, kò tọ́ kí á dá a dúró nítorí pé bàbá rẹ̀ kò tíì rówó ẹran àti ọtí àríyá. Ẹ ràn án lọ́wọ́ kí ó ṣe ìdánwò CQM tí ìjọba gbé kalẹ̀ fún àwọn tí ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá.

Ẹ̀yin ọmọṣẹ́ náà, ẹ gbọ́ tiyín. Ẹni tí ó sá kúrò láàárín ọdún lẹ́yìn tí ọ̀gá ti fi aṣọ oníbàárà kọ́ ọ, tàbí tí ó ń gba iṣẹ́ lẹ́yìn ọ̀gá ní kọ̀rọ̀, ó ń jalè. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè.

Ní ọdún 1955, Póòpù Pius Kejìlá fi ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún fún Jósẹ́fù Mímọ́, òṣìṣẹ́. Ìsọ̀ káfíńtà ni Olúwa wa ti dàgbà. Kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, kí olúkúlùkù òbí bi ọmọ rẹ̀ tí ń kọ́ṣẹ́ pé, “Kí ni àdéhùn rẹ?” Kí olúkúlùkù ọ̀gá bi ara rẹ̀ pé, “Owó ta ni ó ṣì wà lọ́wọ́ mi?” Bí ìdáhùn kò bá sí, ẹ jókòó, ẹ sọ ọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Kí Olúwa bùkún iṣẹ́ ọwọ́ gbogbo wa. Àmín.