Kí A Mọ Aládùúgbò Wa Kí Ìṣòro Tó Dé

Totsi jẹ́ àdúgbò kan ní ìlú Lomé, olú-ìlú Tógò. Bí ẹ bá rìn yí ká níbẹ̀ ní òwúrọ̀, ẹ ó gbọ́ oríṣiríṣi èdè. Nínú agboolé kan ṣoṣo, Ewe lè wà ní yàrá kìíní, Mina ní yàrá kejì, Kabiyè ní yàrá kẹta, Kotokoli ní yàrá kẹrin. Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní Anago, lè wà ní yàrá karùn-ún. Kànga kan náà ni gbogbo wọn ti ń fa omi, àgbàlá kan náà ni wọ́n sì ń gbá.

Ṣùgbọ́n ṣé wọ́n mọ ara wọn? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kí ara wọn ní àárọ̀ àti ní alẹ́, síbẹ̀ wọn kò mọ orúkọ ara wọn. Ìkíni dára púpọ̀, àmọ́ ìkíni nìkan kò tó. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a ó rí ìdí tí ó fi yẹ kí a mọ aládùúgbò wa, àti bí ayẹyẹ àdúgbò ṣe lè ràn wá lọ́wọ́.

Kí ni ìwúlò rẹ̀?

Ìṣòro kì í béèrè èdè tí ènìyàn ń sọ. Bí iná bá sọ ní òru, bí ibà bá ń gbọn ọmọ, bí ìrọbí bá mú aboyún, ará ìlú wa tí ó ń gbé ní òdìkejì Lomé kò lè tètè dé. Ẹni tí ògiri kan péré wà láàárín àwa àti òun ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ igbe wa. Bí kò bá mọ̀ wá, ẹ̀rù lè bà á láti ṣí ilẹ̀kùn.

Ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Paris, ní ilẹ̀ Faransé. Ìyá arúgbó kan kú nínú yàrá rẹ̀. Ó tó oṣù mẹ́rin kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn ń gbé inú ilé náà pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí dun ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Atanase Périfan. Ní ọdún 1999, ó dá ọjọ́ kan sílẹ̀ tí àwọn aládùúgbò yóò máa pàdé, tí wọn yóò jọ jẹ, tí wọn yóò jọ mu. Láti ìgbà náà ni àṣà yìí ti tàn dé ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn.

Àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà náà ní ìtàn tiwa. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Gánà pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó jáde. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ Yorùbá tí ó ti ń ṣòwò níbẹ̀ láti ọdún pípẹ́ di ẹrù wọn. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Nàìjíríà náà pàṣẹ irú rẹ̀. Àwọn ará Gánà tí ó pọ̀ rẹpẹtẹ gba Benin àti Tógò kọjá lọ sí ilé wọn.

Ayẹyẹ àdúgbò kò lè dá àṣẹ ìjọba dúró. Ṣùgbọ́n ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ta ni ènìyàn yóò fa kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ lé lọ́wọ́? Ta ni yóò bá a gba owó tí wọ́n jẹ ẹ́? Ẹni tí ó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ni. A kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ọ̀rẹ́ ní ọjọ́ tí ọkọ̀ ń dúró de ni.

Àwọn ayẹyẹ tí a ti ní

Kò di dandan kí a dá ayẹyẹ tuntun sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ìsọmọlórúkọ. Yorùbá ń sọ ọmọ lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ. A ń lo oyin, iyọ̀, obì, orógbó àti ataare, a sì ń fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wúre. Ewe ní orúkọ fún ọjọ́ tí a bí ọmọ. Bí a bá bí ọmọ ní ọjọ́ Àìkú, Kossi ni ọkùnrin, Akossiwa sì ni obìnrin. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ Ẹtì, Kofi ni ọkùnrin, Afi sì ni obìnrin. Nígbà tí aládùúgbò wa bá wá síbi ìsọmọlórúkọ, ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí oyin wà fún. Kí a sì bi í pé, "Kí ni ẹ̀yin ìbá pe ọmọ yìí?" Ọmọ náà yóò di ọmọ gbogbo agboolé.

Àwọn ọdún ìbílẹ̀ náà wà. Ní oṣù keje, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin Kabiyè máa ń ja ìjàkadì Evala ní agbègbè Kara. Ní oṣù kẹsàn-án, àwọn Ewe máa ń ṣe Agbogbozan ní Notsé. Wọ́n fi ń rántí bí àwọn baba ńlá wọn ṣe sá kúrò lábẹ́ ọba Agokoli, tí ó le koko mọ́ wọn. Àwọn àgbà kan nínú wọn tilẹ̀ máa ń sọ pé Kétu ni àwọn baba ńlá náà ti ṣí wá kí wọ́n tó dé Notsé. Àwọn Ifẹ̀ tí ó wà ní agbègbè Atakpamé náà ní ọdún tiwọn, Odon-Itsu. Ẹ fetí sí orúkọ náà dáadáa: ọdún iṣu ni. Èdè wọn bá tiwa tan.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó lè rí owó ọkọ̀ lọ sí ìlú rẹ̀ nígbà ọdún. Ẹni tí ó bá kù ní Totsi lè se oúnjẹ ìlú rẹ̀, kí ó pe àwọn ará ilé, kí ó sì sọ ìtàn ọdún náà fún wọn.

Iṣẹ́ àjọṣe náà jẹ́ ayẹyẹ. Kí òjò oṣù kẹrin tó dé, a lè yan ọjọ́ Sátidé kan láti kó ìdọ̀tí inú gọ́tà. Bí a bá parí, kí a jọ jẹun. Ẹni tí kò gbọ́ èdè wa lè di ṣọ́bìrì mú, ó sì lè gé àlùbọ́sà. Ibi tí ọwọ́ bá ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀, ẹnu yóò ṣí díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀yà kan bá ń jó, tí àwọn yòókù kàn jókòó tí wọ́n ń wòran, a kò tíì ṣe nǹkan kan. Ẹni tí ó jókòó nìkan, àlejò ni yóò máa jẹ́.

Bí a ṣe lè ṣe é

1. Ẹ kọ́kọ́ lọ rí olórí àdúgbò. Ẹni tí a bá lábà ni baba. Bí ayẹyẹ yóò bá dí ọ̀nà, ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó gbé àga síta.

2. Ẹ yan ìgbìmọ̀ kékeré. Kí ẹnì kan láti inú ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀, tọkùnrin tobìnrin.

3. Ẹ béèrè èèwọ̀ oúnjẹ. Mùsùlùmí kì í jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀, kì í sì í mu ọtí. Ẹ ya ìkòkò sọ́tọ̀ fún ẹni tí nǹkan bá jẹ́ èèwọ̀ fún. Ẹ má ṣe fi ayẹyẹ sí àkókò ìrun tàbí ti ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì.

4. Ẹ kọ́ ìkíni ara yín. Ní èdè Ewe, "woezɔ" ni "ẹ káàbọ̀", ìdáhùn rẹ̀ sì ni "yoo". "Akpe" ni "ẹ ṣé". Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ ìwé kà, ẹ wò ó: "ɔ" tiwọn ni "ọ" tiwa, "kp" tiwọn sì ni "p" tiwa.

5. Ẹ kọ owó sínú ìwé. Bí ilé 12 bá dá 500 fáráǹkì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó jẹ́ 6,000 fáráǹkì. Bí a bá ná 4,750, ó ku 1,250. Ẹ ka ìṣirò náà sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn, kí ẹnì kan sì túmọ̀ rẹ̀. Owó tí a kò kọ sílẹ̀ máa ń dá ìjà sílẹ̀, bí ìjà bá sì ti dé, ẹ̀yà ni wọn yóò fi bú ara wọn.

6. Kí ẹ tó túká, ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà tẹlifóònù ìdílé kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ ẹni tí ó ní ọkọ̀ tàbí alùpùpù, àti ẹni tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri nínú ilé. Ìwé kékeré yìí lè gba ẹ̀mí là ní òru.

Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Ọwọ́ tí yóò bá wa gbé tiwa kò jìnnà. Ó wà ní yàrá kejì.

Ìbéèrè

1. Kí ni ó mú kí Atanase Périfan dá ọjọ́ àwọn aládùúgbò sílẹ̀?
2. Kí ni àwọn Ewe ń rántí ní ọdún Agbogbozan?
3. Bí ilé 15 bá dá 500 fáráǹkì lọ́kọ̀ọ̀kan, èló ni gbogbo owó náà?
4. Ẹ kọ orúkọ aládùúgbò yín mẹ́ta, èdè tí wọ́n ń sọ, àti bí wọ́n ṣe ń kí ènìyàn ní èdè náà. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ lọ béèrè kí ọjọ́ kíláàsì wa tó pé.