Ẹ má ra wáyà lásán: Bí íápíìsì onímáìkì ṣe lè bá ojú USB ṣiṣẹ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Láyé àtijọ́, lẹ́tà ni ọmọ tó wà ní ìlú òyìnbó fi ń kí àwọn òbí rẹ̀ nílé. Lóde òní, ọ̀pọ̀ òbí ló ń jókòó síwájú kọ̀ǹpútà alágbèéká, tí wọ́n ń bá ọmọ àti ọmọ-ọmọ sọ̀rọ̀, tí wọ́n sì ń rí ojú ara wọn. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà tó máa ń ba adùn ọ̀rọ̀ náà jẹ́: ẹni tó wà lọ́hùn-ún kì í gbọ́ ohùn tó já gaara. Máìkì tó wà lára kọ̀ǹpútà jìnnà sí ẹnu, nítorí náà ariwo jẹnẹrétọ̀ àti ti àwọn ọmọdé máa ń bo ohùn mọ́lẹ̀.

Íápíìsì onímáìkì, èyí tí máìkì rẹ̀ máa ń wà lẹ́bàá ẹnu, ló sábà máa ń yanjú èyí. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹnu wáyà rẹ̀ rí roboto bí ìṣó, bẹ́ẹ̀ ojú ihò roboto tó wà lára kọ̀ǹpútà lè ti bàjẹ́, tàbí kó má tilẹ̀ sí rárá. Ojú USB, tó rí gbọọrọ bí ojú kóló, ló wá kù. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń fi owó ṣòfò.

Ìdí tí wáyà lásán kò fi tó

Ẹni tó bá ra wáyà tí apá kan rẹ̀ jẹ́ USB, tí apá kejì jẹ́ ihò roboto, tí kò sì sí ohun mìíràn nínú rẹ̀, yóò rí i pé pàbó ló já sí. Èdè àwọn méjèèjì kò dọ́gba. Ńṣe ni máìkì ń sọ ohùn ènìyàn di iná mànàmáná tín-ín-rín tó ń lọ sókè-sódò bí ohùn náà ṣe ń lọ. Ojú USB kò gbọ́ irú èdè yìí, nọ́ńbà ló ń gbà. Wọ́n nílò ògbufọ̀.

Ògbufọ̀ náà ni wọ́n ń pè ní USB sound card. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ. Ẹ̀rọ kékeré inú rẹ̀ sábà máa ń wọn iná tó ń bọ̀ láti ara máìkì ní ìgbà 44,100 tàbí 48,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí yóò sì sọ ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan di nọ́ńbà.

Iṣẹ́ mìíràn tún wà. Máìkì inú ọ̀pọ̀ íápíìsì jẹ́ irú èyí tí Gerhard Sessler àti James West, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, ṣe ní Bell Labs ní 1962. Ó ń fẹ́ iná díẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́, sound card ló sì ń fún un. Wáyà lásán kò lè ṣe ọ̀kankan nínú iṣẹ́ méjèèjì.

Ẹ ka òrùka rẹ̀

Kí ẹ tó lọ sọ́jà, ẹ wo ẹnu wáyà íápíìsì yín dáadáa. Bí ó bá ní ẹnu méjì, ọ̀kan ni ti máìkì, ìkejì ni ti etí. Bí wọ́n bá kùn wọ́n, píǹkì sábà máa ń jẹ́ ti máìkì, àwọ̀ ewé sì ni ti etí. Sound card oníhò méjì ni kí ẹ rà fún un.

Bí ó bá jẹ́ ẹnu kan ṣoṣo, ẹ ka òrùka tín-ín-rín tó yí i ká. Bí ó bá jẹ́ mẹ́ta, máìkì àti etí jọ wà níbẹ̀. Sound card oníhò kan tó gba méjèèjì pọ̀ ni yóò bá a mu. Bí ó bá jẹ́ méjì péré, ó ṣeé ṣe kí íápíìsì náà má ní máìkì rárá.

Ẹ tún wo ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà náà. Ọ̀pọ̀ ló ní ihò kan tí wọ́n ya àwòrán íápíìsì onímáìkì sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ihò yìí bá wà, tó sì ń ṣiṣẹ́, òun ni kí ẹ lò. Bí ẹnu íápíìsì yín bá jẹ́ méjì, wáyà kékeré tó ń so méjì pọ̀ di kan ti tó.

Ẹ dán an wò kí ẹ tó sanwó

Ẹ gbé kọ̀ǹpútà yín dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ki sound card bọ ojú USB. Bí Windows 10 tàbí 11 bá wà lórí rẹ̀, ẹ lọ sí Settings, ẹ tẹ System, ẹ tẹ Sound, kí ẹ sì wo abẹ́ Input. Orúkọ tuntun, tó sábà máa ń ní USB nínú, yẹ kó yọjú síbẹ̀. Ẹ yàn án, kí ẹ sọ̀rọ̀. Ilà tó wà níbẹ̀ yóò máa mì bí ẹ bá ti ń sọ̀rọ̀. Bí orúkọ tuntun kankan kò bá yọ, ó lè jẹ́ wáyà lásán tàbí èyí tó ti bàjẹ́. Ẹ dá a padà.

Bí orúkọ bá yọ ṣùgbọ́n tí ohùn kò wọlé, ẹ wò ó bóyá bọ́tìnì kékeré ara wáyà ló pa máìkì. Nínú WhatsApp tàbí Zoom, orúkọ yẹn náà ni kí ẹ yàn.

Bí ó bá sì jẹ́ ọmọ lẹ fẹ́ rán lọ sọ́jà, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé fún un: USB sound card, oníhò méjì tàbí oníhò kan. Ẹ fún un ní íápíìsì náà mú dání.